Yàrá Tó Wà Lọ́wọ́ Òsì

Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni wọ́n gbẹ́, wọn kò rí nǹkan kan.

Tàjúdéènì ló pè láti Ẹ̀pẹ́ láti sọ ọ́. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Sàídátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ́fíìsì kan ní Schöneberg, nílùú Berlin, ó ń fọ béésìnì ìfọwọ́. Ó há fóònù sáàárín èjìká àti etí, kò dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró.

"Ẹ gbẹ́ ẹ dáadáa?"

"Àǹtí mi, a gbẹ́ ẹ títí omi fi ń sun jáde. Yanrìn ni. Yanrìn, àfọ́kù ìgò, àti èkùrọ́ tó ti dúdú bí èédú."

"Yàrá wo lẹ gbẹ́?"

"Yàrá Màmá náà ni. Èyí tó wà lọ́wọ́ òsì àtẹ̀gùn. Ṣé yàrá míì tún wà ni?"

Ìgbà yẹn ni Sàídátù ti omi pa.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro ṣàlàyé. Wọ́n ti ta ilé bàbá wọn ní Ẹ̀pẹ́, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan létí ọ̀sà. Àwọn òyìnbó oníṣòwò ará Jámánì ló kọ́ ọ nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n ń kó èkùrọ́ sí ìsàlẹ̀, wọ́n ń sùn lókè. Bàbá wọn rà á lọ́wọ́ ẹni tó rà á lọ́wọ́ wọn. Òrùlé ti ń jò, ògiri ti là, gbogbo ọmọ bàbá sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tà á. Ẹni tó rà á fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, katapílà máa wó o.

Ṣùgbọ́n Mọ̀ríámọ̀, ìyá Sàídátù àti Tàjúdéènì, wà nínú ilẹ̀ ilé yẹn. Inú ilé ni wọ́n sin ín sí, bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà náà. Tàjúdéènì ti gba àyè fún un ní ibi ìsìnkú àwọn Mùsùlùmí, ó ti bá àáfà sọ̀rọ̀, ó ti ra aṣọ funfun. Ìyá nìkan ni kò tíì rí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló sì kù láyé tó fojú rí ìsìnkú náà. Ọmọ ọdún méje ni Sàídátù nígbà náà. Mọ̀ríámọ̀ bí Tàjúdéènì láàárọ̀, ó kú kó tó gbé e mọ́ra, wọ́n sì sin ín kí wọ́n tó kírun ọ̀sán. Sàídátù dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń wò bí wọ́n ṣe gbé ìyá rẹ̀ wọ yàrá tó wà lọ́wọ́ òsì. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n kó òun àti ọmọ tuntun lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá wọn ní Ìkòròdú. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá kí wọ́n tó padà sí Ẹ̀pẹ́. Ó di àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó dúró nídìí àtẹ̀gùn, ó na ọwọ́ òsì, ó ní, "Ibí ni Màmá wà."

Kò bi ẹnikẹ́ni. Kí ló fẹ́ bi wọ́n? Òun ló rí i.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọdún Iléyá, inú yàrá yẹn ni wọ́n ti ń ṣàdúà fún ìyá wọn. Nígbà tí Sàídátù lọ sí Jámánì, Tàjúdéènì ń dá a ṣe. Kò jẹ́ kí ayálégbé kankan sùn síbẹ̀. Nígbà tó gbé ìyàwó, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ mú un lọ, ó ní kó kí ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ó lè jẹ́ pé ó ti jẹrà tán," ni Sàídátù sọ sínú fóònù.

"Mo ti bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ó kéré tán, eyín máa kù. Àǹtí mi, ẹ má bínú o. Àbí àfọ́kù ìgò ni mo ti ń kí láti ọjọ́ yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dùn ún gbọ́.

Sàídátù nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Ó ní òun máa pè é padà. Nígbà tó délé ní Märkisches Viertel, ó jókòó sórí àga pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ó ń wo ọwọ́ òsì rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ọwọ́ fún.

Nàfísàt, ọmọ rẹ̀, jáde láti kíṣìnnì. "Mama, was ist los?" Ó ń bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Wọn ò rí màmá mi."

Nàfísàt ti gbọ́ nípa ilé náà tí etí rẹ̀ fi kún. "Frag doch in der Gruppe," ló sọ, pé kó béèrè nínú gúrúùpù, ó padà sídìí ìrẹsì rẹ̀.

Gúrúùpù Wáàsáàpù àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó wà ní Jámánì ló ń wí. Sàídátù kì í fẹ́ràn rẹ̀, nítorí àdúrà àràárọ̀ àti ìpolówó lẹ́ẹ̀sì ló kún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ sí i. Ó ní òun ń wá ẹni tó bá mọ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òyìnbó tó wà létí ọ̀sà dáadáa, ẹni tó bá mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí nígbà àtijọ́. Ènìyàn mọ́kànlá ní Ọlọ́run á ṣe é. Ẹnì kan béèrè bóyá ilé náà ṣì wà fún títà. Ẹni kẹtàlá ni Fọlájìmí láti Hamburg. Ó ní ẹ̀kọ́ nípa ilé àtijọ́ lòun ń kọ́ ní yunifásítì, pé fọ́tò ilé náà wà ní Hamburg níbẹ̀, ní ibi tí wọ́n ń kó ìwé àwọn oníṣòwò àtijọ́ pa mọ́ sí, pé ọwọ́ òun ti bà á rí.

Ní Ọjọ́bọ̀, Sàídátù wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ lọ sí Hamburg. Ó sọ fún Chefin rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, pé òun ní ìsìnkú. Chefin bá a kẹ́dùn, ó béèrè ọjọ́ tí ẹni náà kú. Sàídátù bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lọ́kàn, ó sì yára pa ẹnu dé.

Ní Hauptbahnhof, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá Hamburg, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tó wọ kóòtù gígùn dọ̀bálẹ̀ ìlàjì sáàárín àwọn tó ń wọ́ àpótí.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú ìrìn. Inú mi dùn jọjọ. Ilé yín, mà, ogún ìran ni. Ẹlẹ́rìí tí kì í sùn ni. Òkúta rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, pákó rẹ̀ ń . . ."

"Fọlájìmí."

"Mà?"

"Ṣé àtẹ̀gùn wà nínú fọ́tò yẹn?"

"Àtẹ̀gùn wà, mà."

"Ó dáa. Jẹ́ ká máa lọ."

Ní ibi ìpamọ́ ìwé náà, wọ́n gba báàgì lọ́wọ́ wọn, wọ́n gba bírò, pẹ́ńsù nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wọn. Obìnrin kan tó so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn gbé àpótí pẹlẹbẹ kan wá, ó ṣí i bí ẹni ń tú ọmọ tuntun. Fọ́tò mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, àti ìwé ńlá kan tí wọ́n ya ilé sí.

Sàídátù wo fọ́tò àkọ́kọ́. Ó wò ó títí.

"Kì í ṣe ilé wa nìyí."

"Òun ni, mà."

"Mo ní kì í ṣe òun. Ṣé o máa mọ ilé wa jù mí lọ ni? Ilé wa kọjú sí títì. Búlọ́ọ̀kù ni iwájú rẹ̀. Kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lókè. Wo èyí!" Ó na ìka sí i. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ pákó yí ilé inú fọ́tò ká, pẹ̀lú ọwọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó dà bí àga tí wọ́n kọ́ sórí àga. Iwájú rẹ̀ kọjú sí omi. Ọkọ̀ ojú omi mẹ́rin gúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. "O jẹ́ kí n wá láti Berlin wá wo ilé onílé."

Fọlájìmí kò jà. Ó kàn fa fọ́tò kẹta wá, ó fi pẹ́ńsù tọ́ka sí irin kan tó yọ jáde lókè ilẹ̀kùn, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìkọ́. "Èyí ni wọ́n fi ń fa àpò èkùrọ́ sókè."

Sàídátù fi ọwọ́ bo ẹnu. Irin yẹn ni bàbá wọn máa ń so iná mọ́ nígbà ọdún. Irin yẹn ni Tàjúdéènì rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ tó ṣẹ́ apá. Ẹ̀yìn ilé ló wà nígbà náà, lókè ibi tí wọ́n ń dáná.

"Ẹ̀yìn ilé nìyẹn," ló sọ.

"Iwájú ni, mà. Nígbà tí títì dé, wọ́n yí ilé padà. Wọ́n gé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kúrò, wọ́n mọ búlọ́ọ̀kù sí apá títì, ó di iwájú. Ṣé bàbá yín tún un ṣe?"

Ó tún un ṣe. Àárín ìgbà tí wọ́n wà ní Ìkòròdú ni. Sàídátù rántí pé nígbà tí wọ́n padà dé, gbogbo ilé ń rùn fún símẹ́ńtì. Ó mọ̀ pé wọ́n ti tún ilé ṣe. Ohun tí kò mọ̀ ni pé wọ́n lè ṣí àtẹ̀gùn nídìí. Lójú ọmọdé, àtẹ̀gùn kì í rìn. Ibi tó bá ti bá a ló wà.

Fọlájìmí tẹ́ ìwé ńlá náà. Yàrá méjì ló wà nísàlẹ̀, pásèèjì là wọ́n láàárín. Nínú ìwé náà, kò sí àtẹ̀gùn kankan lápá títì. Ìta ló wà, lápá ọ̀sà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ńlá.

"Ọwọ́ òsì dà?" ni Sàídátù béèrè.

Fọlájìmí tọ́ka. Sàídátù yí ìwé náà po. Fọlájìmí rọra yí i padà. Sàídátù ní kó fi í sílẹ̀, pé bóun bá wọlé láti títì, yàrá Màmá wà níbí. Fọlájìmí ní bẹ́ẹ̀ ni mà, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wà lórí àtẹ̀gùn ìgbà náà, ẹ kọjú sí títì ni, ọ̀sà wà lẹ́yìn yín. Sàídátù ní òun kò kọjú sí títì. Ó tún ní bóyá òun kọjú sí i. Orí rẹ̀ dàrú. Ó dìde, ó dúró sáàárín yàrá ìkàwé náà, ó di ojú, ó na ọwọ́ òsì, ó yí ara padà, ó tún na ọwọ́ òsì.

"Geht es Ihnen gut?" ni obìnrin aláwò béèrè, pé ṣé ara rẹ̀ yá.

"Alles gut," ni Sàídátù dáhùn, pé kò séwu, kò la ojú.

Ohun tó ń wá kì í ṣe yàrá mọ́. Ara rẹ̀ ló ń wá, ọmọ ọdún méje tó dúró lórí àtẹ̀gùn. Ìbòrí rẹ̀ tóbi, ti ìyá rẹ̀ ni, afẹ́fẹ́ ń gbé etí rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá bò ó lójú, ó ń fọwọ́ ká a kúrò kó lè ríran. Láti ẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ni. Afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ láti títì ní Ẹ̀pẹ́.

Ó la ojú. Ó wo ìwé náà, ó gbé ìka sórí yàrá kejì.

"Yàrá pákó," ló sọ.

Yàrá kejì yẹn ni bàbá wọn kó àwọn pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí nígbà tó gé e kúrò. Ó tì í pa. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó jẹ́ káwọn fi pákó náà dáná, á bínú. Ahun ni wọ́n ń pè é nítorí rẹ̀. Lọ́dún Iléyá, bí Sàídátù àti Tàjúdéènì bá ń ṣàdúà nínú yàrá tiwọn, bàbá kì í bá wọn wọlé. Ó máa ń dúró sí pásèèjì, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Sàídátù rò pé kò lè fara da ìbànújẹ́ náà ni.

Ẹ̀yìn ló kọ sí wọn. Ilẹ̀kùn yàrá pákó ló kọjú sí.

"Ó mọ̀," ni Sàídátù sọ. "Bàbá mọ̀. Ó ń wò wá. Kí ló dé tí kò sọ?"

Fọlájìmí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan kan nípa ìbànújẹ́ àwọn ọkùnrin ayé ìgbà yẹn. Sàídátù gbé ọwọ́ dá a dúró.

Wọ́n béèrè fún ẹ̀dà ìwé náà. Obìnrin aláwò gbé fọ́ọ̀mù kan wá, ó ní kí wọ́n kọ Antrag, ìwé ìbéèrè, pé ẹ̀dà máa délé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sì sáàyè láti fi fóònù ya nǹkan kan níbẹ̀. Sàídátù rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gba pẹ́ńsù, ó ya ilé bàbá rẹ̀ sẹ́yìn fọ́ọ̀mù Antrag náà, yàrá méjì, pásèèjì, ọ̀sà.

Lóde, Fọlájìmí ń tẹ̀ lé e, kò yé sọ̀rọ̀. "Mà, ẹ ò lè jẹ́ kí wọ́n wó o. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò kù mọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ̀wé sí ìjọba, ká kọ orúkọ jọ . . ."

"Òjò ti ń rọ̀ sínú ilé yẹn láti ọdún tí wọ́n bí ẹ. Ta ló kọ̀wé? O fẹ́ kó dúró kí o lè máa kọ nípa rẹ̀. Ìwọ ló máa gbé ibẹ̀?"

Fọlájìmí dúró. Ojú rẹ̀ kò ní ẹ̀rín mọ́. "Mi ò ní gbé ibẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnì kankan ò tọ́jú ìwé yẹn, ibo lẹ̀ bá wá ìyá yín sí?"

Sàídátù ká fọ́ọ̀mù náà sápò. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì wá ibi tí ariwo kò pọ̀ láti pe àbúrò rẹ̀.

"Kì í ṣe yàrá yẹn," ló sọ.

Ìró ṣọ́bìrì ló ń ti ọ̀dọ̀ Tàjúdéènì wá.

"Tàjú, ṣé o gbọ́ mi? Wọ́n ti ṣí àtẹ̀gùn. Ọwọ́ òsì ìgbà yẹn, ọwọ́ ọ̀tún ni báyìí. Yàrá pákó ni."

"Yàrá pákó." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ibi tí mo máa ń lọ tọ̀ sí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Lára ilẹ̀kùn yẹn."

"O ò mọ̀."

"Ẹ̀yin náà ò mọ̀! Ẹ sì ń nàka! Ẹ dì mí lọ́wọ́ mú, ẹ ń nàka!" Ó mí sókè. "Bàbá ńkọ́? Bàbá mọ̀?"

"Ó jọ pé ó mọ̀."

"Kí ló dé tí kò sọ?"

"N kò mọ̀."

"Ẹ̀yin náà kò sì bi í?"

"N kò bi í."

"Àǹtí, kí lẹ wá mọ̀ gan-an?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, nítorí àbúrò kì í bá ẹ̀gbọ́n sọ ọ́. "Gbẹ́ yàrá pákó," ló sọ. "Bí kò bá sí níbẹ̀, kò síbi tí mo tún mọ̀ mọ́."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, kò lọ síbi iṣẹ́. Ó gbé fóònù ti ife tíì lórí tábìlì, ó ń dúró. Nígbà tí ìpè wọlé, àgbàlá ilé wọn ló kọ́kọ́ rí, pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún un, wọ́n tò ó bí igi ìdáná. Àwọ̀ ewé ṣì wà lára òmíràn. Katapílà ti dé, ó dúró sójú títì. Awakọ̀ rẹ̀ jókòó sórí ẹsẹ̀ irin rẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì.

Tàjúdéènì kò kí i. Yẹ̀pẹ̀ kún irùngbọ̀n rẹ̀. "Àǹtí mi, a ti rí i."

"Alhamdulilahi!" Sàídátù dìde. "Alhamdulilahi, Tàjú!"

"Ẹ jókòó ná. Méjì ni."

"Méjì kí ni?"

Ó yí fóònù sí inú kòtò. Àáfà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń tú aṣọ. Òkú méjì ló wà nísàlẹ̀, wọ́n sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àyè àárín wọn kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Egungun ni, ó pọ́n bí igi tó ti pẹ́ nínú omi. Àwọn méjèèjì kọjú sí ibì kan náà. Kò sí òrùka, kò sí ìlẹ̀kẹ̀. Ìkan kò gùn ju ìkejì lọ.

"Ta ni ìkejì?" ni Sàídátù béèrè.

"Ẹ̀yin ni mò ń bi. Èwo ni Màmá?"

Ó wò wọ́n. Ó gbé fóònù sún mọ́ ojú. Òkú kan ṣoṣo ni wọ́n gbé kọjá níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìyẹn dá a lójú, àbí kò dá a lójú mọ́? Bóyá ìkejì ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Bóyá ìyàwó tí bàbá kọ́kọ́ fẹ́ ni, ẹni tí wọn kì í dárúkọ. Bóyá ẹbí ẹni tó ta ilé fún bàbá ni. Bóyá òun náà ni bàbá ń wò nígbà tó kọ ẹ̀yìn sí wọn.

"Àǹtí mi, àáfà ń dúró. Wọ́n máa tó pe ìrun. Èwo ni?"

Ẹnu rẹ̀ ti là. Ọ̀tún ló fẹ́ sọ. Kò sí ìdí kankan, ọ̀rọ̀ náà kàn wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó sì mọ̀ pé bóun bá sọ ọ́, Tàjúdéènì máa gbà á. Á gbé èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mọ́ra, á sunkún, á jókòó tì í lọ́dọọdún títí tó fi máa kú. Ó máa rí ìyá.

"N kò mọ̀," ló sọ.

"Ẹ wò ó dáadáa."

"Mo ti wò ó. N kò mọ̀ ọ́n, Tàjú. Kó méjèèjì."

"Aṣọ ẹnì kan ni mo rà."

"Gé e sí méjì."

Àáfà sọ pé aṣọ náà tó. Tàjúdéènì gbé fóònù sílẹ̀ sórí pákó kan, ó bọ́ sínú kòtò. Ojú ọ̀run ni Sàídátù ń wò láti ìgbà náà, àti etí òrùlé kan tí páànù rẹ̀ ti ká. Ó ń gbọ́ ohùn wọn: ẹ rọra, ẹ gbé orí, kò tíì tán, èyí kì í ṣe tiẹ̀. Lẹ́yìn náà, fóònù kú.

Aago mẹ́rin kọjá kó tó tún pè. Wọ́n ti sin àwọn méjèèjì sí ibi ìsìnkú. Ilé ti wó, kò gba wákàtí kan. Fọlájìmí ti kọ̀wé sórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì pé jọ̀wọ́ mà, kí wọ́n ya fọ́tò kan kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, Sàídátù sì béèrè. Tàjúdéènì ní kò sẹ́ni tó rántí.

"Àwọn èèyàn ti lọ," ló sọ. "Èmi nìkan ló kù nídìí sàréè. Mo fẹ́ ṣàdúà fún Màmá kí n tó máa lọ, Àǹtí mi, mi ò sì mọ ibi tí màá dúró."

"Dúró sáàárín."

"Àárín ò gbà mí. Wọ́n sún wọn mọ́ra jù."

Sàídátù ronú. Lójú fèrèsé, bọ́ọ̀sì kan ń já èrò sílẹ̀.

"Jókòó síbi tó bá gbà ẹ́," ló sọ. "Bẹ̀rẹ̀. Èmi náà wà níbí."

Ó gbọ́ bó ṣe ń bọ́ bàtà, ó gbọ́ bó ṣe jókòó, ó ń wúkọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ àdúà náà. Nígbà tó kan ibi tó ti yẹ kó dárúkọ, ó dárúkọ Mọ̀ríámọ̀, ó ní, "àti ẹnì kejì rẹ̀," ó sì ń bá a lọ.